Igi Apá Ni A Fi Gbẹ́ Ẹsẹ̀ Mi

Ẹni tó bá fẹ́ wo ẹsẹ̀ mi, kó wò ó nísinsìnyí. Òun nìyí. Mo ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè dé orúnkún. Ẹ wò ó tẹ́rùn, ẹ fọwọ́ kàn án bó bá wù yín, nítorí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyìí, ẹni tí mo bá rí tó tún ń yọjú wo abẹ́ àga mi, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa fà á. Igi ni. Kì í tú iná jáde. Kì í fo odò. Kò sí iwin kankan tó ń sùn sínú rẹ̀. Níjẹta, mo jókòó lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, wọ́n ń fá orí mi lọ́wọ́, ni ọkùnrin kan tí kò mọ̀ mí rí bá ń sọ fún àwọn èèyàn pé Ọdẹ́yalé, Aṣípa ọdẹ Òkè-Afọ̀n, fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹbọra, àti pé bí ilé bá ti dá, ẹsẹ̀ náà a máa dá rìn kiri ìlú. N kò lè fèsì, abẹ wà lórí mi. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jẹ ẹ̀kọ lójú mi láàárọ̀ yìí. Irọ́ yẹn ló bí mi nínú tí mo fi ní kí ẹ jókòó, kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an fún yín. Ẹnu tó ń sọ ìtàn ẹlẹ́sẹ̀ igi kì í sábà jẹ́ ẹnu ẹlẹ́sẹ̀ igi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ di idán, bí kò bá sì di idán, wọn a sọ ọ́ di èpè.

Ẹ̀yin náà mọ irú ọdẹ tí mo jẹ́ kí ọ̀ràn yìí tó dé. N kò ní rẹ ara mi sílẹ̀ nítorí pé ẹ pé jọ, ìrẹ̀lẹ̀ kì í pa ẹfọ̀n. Ìgalà tó bá gbọ́ ìwúkọ́ mi, ńṣe ni yóò pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ tí yóò pín ogún fún wọn. Ẹkùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè tí mo tọpa rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ kẹjọ, òun fúnra rẹ̀ ló jáde wá wo ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Awọ rẹ̀ ni mo tẹ́ sórí àga yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹkùn kò lè ṣe fún mi, èèyàn ṣe é. Òfin kan ṣoṣo ni àwa ọdẹ ní lórí pàkúté onírin: ẹni tó bá dẹ ẹ́, kó so màrìwò mọ́ igi ní ọ̀gangan èjìká, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i kó yà. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Wèrè mọ̀ ọ́n. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gba ọ̀nà odò Ìmọ̀rẹ̀, ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà lọ pọnmi. Kò sí màrìwò, kò sí àmì kankan. Irin ta kàì, ó sì pa eyín dé mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi.

Láti ìgbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko títí oòrùn fi dé àtàrí ni mo ń pariwo níbẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè wò ju pàkúté náà lọ, mo sì wò ó débi pé mo mọ ìpẹtà ara rẹ̀ bí mo ṣe mọ ojú ìyá mi. Mo rí àmì tí alágbẹ̀dẹ lù sí etí rẹ̀: ilà mẹ́ta, ọ̀kan dá wọn ní ìbú. Àmì Akínlàjà ni. Ọdẹ bí tèmi ni Akínlàjà, ọjọ́ kan náà la gba ìbọn, inú àwo kan náà la sì ti jẹun. Òun nìkan ló ń fi àmì yẹn sára ohun ìní rẹ̀, láti orí ọkọ́ dé ara ìbọn. Obìnrin kan tó ń ṣẹ́gi ló gbọ́ mi nígbẹ̀yìn, ó sáré pe èèyàn, wọ́n tú mi sílẹ̀, wọ́n gbé mi lọ. Nígbà tí wọn yóò fi padà síbẹ̀, ẹnì kan ti gbé pàkúté náà lọ. Ẹsẹ̀ náà kò ṣeé tún ṣe mọ́, dókítà gé e lábẹ́ orúnkún kó má bàa pa ìyókù mi.

Nígbà tí ọgbẹ́ jiná, mo fi ọ̀pá há abíyá, mo lọ sí ìpàdé ọdẹ, mo sì dárúkọ Akínlàjà lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ó fọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bá ọ̀rẹ́ mi wí. Ìrora ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀." Bàbá Adégẹ̀yẹ, Olúọdẹ wa, mi orí, ó ní láìsí pàkúté, kò sí ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ó ní Aṣípa ló máa ń ṣáájú wọ igbó, oyè tí mo sì ń jẹ nìyẹn, ẹlẹ́sẹ̀ kan kò sì lè ṣáájú ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé e fún Akínlàjà. Wọ́n wá gbé àga onítìmùtìmù kan fún mi, wọ́n ní kí n máa sinmi. Ẹ gbọ́ o! Wọ́n gba igbó lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní tìmùtìmù!

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín tí ẹ kò ní gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń pa irọ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Àánú burú ju ọgbẹ́ lọ. Àlejò á wọlé, á wò mí, á yíjú sí Ìbídùn ìyàwó mi, á ní, "Ṣé ó ti jẹun?" Ṣé ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ èdè ni? Ó lọ́jọ́ tí ẹnì kan bi í bóyá mo máa ń rí oorun sùn. Ìbídùn fọ abọ́ tó ń fọ̀ tán, ó ní, "Ẹ bi í. Ẹnu ẹ̀ kọ́ ni wọ́n gé." Lọ́jọ́ náà ni mo pinnu pé n ó lọ sí Igbó Oríkèé. Bàbá tó bí bàbá mi ti sọ fún wa pé, téèyàn bá rékọjá odò Ọ̀ṣìn, ní ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹbọra kan wà nínú igbó yẹn tó ń jẹ́ Atúnradá, tó ń rọ apá, tó ń rọ ẹsẹ̀, tó ń fi ohun tó rọ dípò ohun tó sọnù. Mo sọ fún Ìbídùn. 

"Bàbá Ṣíjúadé," ló pè mí, "ṣé nítorí àwọn tó ń káàánú yín lẹ ṣe fẹ́ lọ?"

Mo ní, "Nítorí Akínlàjà ni. Mo fẹ́ dìde dúró níwájú ẹ̀ láìfara ti nǹkan kan."

Ó ní, "Ẹ lọ nígbà náà. Bó bá wù yín, ẹ gbé ẹsẹ̀ mẹ́fà bọ̀, n ó wá ibi tí n ó tò wọ́n sí. Àmọ́ orí tí mo bá lọ́rùn yín lọ́jọ́ tí mo fẹ́ yín ni kẹ́ ẹ gbé padà wá."

N kò ní sọ bí mo ṣe jẹun lọ́nà tàbí ibi tí mo sùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti oúnjẹ, kó lọ bá olóúnjẹ. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta gbà mí ní ọjọ́ méje, abíyá mi bó, ọ̀rọ̀ tó sì ń jáde lẹ́nu mi, ẹ kò ní fẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ ọ. Lẹ́nu igbó náà ni ẹbọra kan dúró sí, ó ga tó ọ̀pẹ, ó yọ apá mẹ́ta: amọ̀ ni ọ̀kan, idẹ ni ìkejì, igi ni ìkẹta. Kò sí apá ẹran kankan lára rẹ̀. Òun ni aṣọ́bodè. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ìwọ ààbọ̀ èèyàn, kí lo wá ṣe?"

Mo ní, "Bí mo bá jẹ́ ààbọ̀, ààbọ̀ yìí tó ọ lódindi. Yà lọ́nà."

Ó rẹ́rìn-ín, ewé sì gbọ̀n lórí igi. Ó ní ẹni tó bá máa wọlé yóò dáhùn ìbéèrè mẹ́ta, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò fi apá kan sílẹ̀ dípò ìdáhùn. Ó ní, "Kí ló wà lára rẹ tí kò sí lára rẹ?"

N kò ronú jìnnà. Mo ní, "Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ni. Wọ́n ti sin ín láti ìgbà òjò, síbẹ̀ ó ń yún mi látàárọ̀, n kò sì rí ibi họ." Mo rí i pé àwọn kan nínú yín ń rẹ́rìn-ín. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti gé apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bóyá mo purọ́.

Aṣọ́bodè ní, "Ó dáa. Kí ló gbé ọ dé ibí tí kì í ṣe ẹsẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀pá?"

Mo ní, "Ìbínú ni."

Ó ní, "Ìbínú kò da nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà."

Mo ní, "Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn, pàkúté kò mú un rí."

Ó wá na apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú mi, ohùn rẹ̀ sì yí padà, ó dà bí ẹni tó ń béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó ní, "Nínú àwọn wọ̀nyí, èwo ni tèmi?" Mo wo amọ̀, mo wo idẹ, mo wo igi, òwe kankan kò sì wá sí mi lẹ́nu. Ni mo bá gbé ọ̀pá mi sókè lójijì bí ẹni fẹ́ là á mọ́ ọn lórí. Gbogbo apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé bo orí lẹ́ẹ̀kan náà! Mo sọ ọ̀pá kalẹ̀, mo ní, "Gbogbo wọn ni tìrẹ. Ohun tí ẹ̀dá bá fi bo orí ara rẹ̀, ara rẹ̀ ni." Òmìrán yẹn wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó yà lọ́nà. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọ́ ibí, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi." Mo kọjá, n kò sì dúpẹ́, nítorí pé ó ti pè mí ní ààbọ̀ èèyàn.

N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ gìrì-gìrì, tí ọkùnrin kan yọ lójú ọ̀nà tó ń sáré bọ̀. Èèyàn ni, kì í ṣe ẹbọra. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jẹ́ idẹ láti àárín itan dé ilẹ̀, ó ń dán bí oòrùn, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé ara rẹ̀ bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Ó ní, "Ẹ ńlẹ́ o, ọdẹ! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé—" ó ti kọjá. Mo dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún yọ láti ẹ̀yìn mi. "—ṣé èèyàn ni yín? Ọ̀nàjídé lorúkọ mi, agbẹ́gi ni mí, láti—" ó ti lọ. Báyìí la ṣe ń sọ̀rọ̀, àbọ̀ níbí, àbọ̀ lọ́hùn-ún. Ó ń yí igbó náà po ni, kò sì lè dúró.

Mo kígbe pé, "Ta ló ń lé yín?"

Nígbà tó yí padà dé, ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń lé mi! Ejò ló bù mí jẹ, wọ́n gé ẹsẹ̀ mi, mo wá sọ́dọ̀ Atúnradá. Ó ní kí n fún òun ní ìrántí ọjọ́ tí ejò bù mí jẹ, kí òun fún mi lẹ́sẹ̀ tí kì í rẹ̀—" Mo tún dúró. "—ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi pé orí ìjókòó ni mo wà lọ́jọ́ náà, abẹ́ igi ni mo jókòó sí! Ó mú ọjọ́ náà lọ, ó sì mú ìjókòó mọ́ ọn. Ọdún mẹ́rin rèé, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró mọ́!"

"Ẹ tú u kúrò lẹ́sẹ̀!"

"Ẹ̀yìn itan ni wọ́n ti so awọ rẹ̀, ọwọ́ mi kò dé e bí mo bá ń sáré. Ọdẹ, ẹ gbọ́ o, ẹ má gba èyí tó ń dán—" ó tún ti lọ. Ojú ọkùnrin náà pọ́n, ètè rẹ̀ la. Èso tó bá já lórí igi bó ṣe ń kọjá ló ń jẹ. Inú bí mi débi pé orí mi gbóná. Ẹni tó bá sì ń sọ ìtàn ọkùnrin yìí lókèèrè, yóò ní ẹ wo akíkanjú tó ń sáré ju ẹṣin lọ!

Mo dé ilé Atúnradá ní ọ̀sán gangan. Àgbẹ̀dẹ ńlá ni, apá àti ẹsẹ̀ sì rọ̀ sára àjà bí ẹran gbígbẹ: apá fàdákà tó ń fi ìka ta ara rẹ̀, ọwọ́ onírin tó ń di ẹ̀ṣẹ́ tó tún ń tú u, ẹsẹ̀ kan tí ìyẹ́ hù sí ní gìgísẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ni àwọn ọwọ́ wọ̀nyí. Atúnradá fúnra rẹ̀ jókòó láàárín wọn, ara rẹ̀ pé, ó rẹwà, kò sí ìka kan tó dín lára rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: nínú gbogbo igbó náà, òun nìkan ni nǹkan kan kò gé lára rẹ̀ rí, òun náà ló sì mọ ohun tó yẹ gbogbo wa. Kò ní kí n jókòó. Kò bi mí ní ohun tí mo fẹ́. Ó fa ẹsẹ̀ kan yọ, irin dúdú tí wúrà yí ọrùn rẹ̀ ká, ó ní, "Èyí á gbé ọ fo odò Ọ̀ṣìn ní ìgbésẹ̀ kan. Ẹkùn á máa sá fún ìró rẹ̀. Àwọn tó ti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ á máa kọrin rẹ."

N kò ní purọ́ fún yín, ọkàn mi fà sí i. Mo rí ara mi lórí odò. Mo rí ojú Akínlàjà. Mo ní, "Kí lẹ máa gbà?"

Ó ní, "Ohun tí kò wúlò fún ọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí pàkúté mú ọ. Gbé e fún mi, kí o sì máa lọ láìní ìrora, láìní ìbínú."

Mo ní, "Àmì ara pàkúté náà ńkọ́? Ẹni tó dẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ á lọ pọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ náà yé mi wàyí. Èmi nìkan ni mo rí àmì yẹn. Wọ́n ti gbé pàkúté lọ, orí mi nìkan ló kù tí ẹ̀rí wà. Bí mo bá gba ẹsẹ̀ wúrà yìí, n ó fò wọ ìlú, n ó sì kí Akínlàjà ní ọ̀rẹ́ mi, a ó jọ jẹun nínú àwo kan, òun yóò sì máa rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní, "Ta ló máa wá rántí òwúrọ̀ yẹn bí mo bá gbàgbé rẹ̀?"

Atúnradá ní, "Ìwọ náà ṣe jẹ́ aláìmoore tó báyìí? Gbogbo ẹni tó ń wá síbí ló fẹ́ gbàgbé."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ni wọ́n gé lára mi. N kò rán ẹnikẹ́ni pé kó gé orí mi mọ́ ọn. Ọkùnrin tó ń sáré lóde yẹn, ẹ̀ ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, ẹ kò sì dìde rí lọ tú awọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀! Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín padà sórí àjà."

Ojú rẹ̀ yí. Ó ní kò sẹ́ni tó ń kọ iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọwọ́ tó wà lórí àjà sì já bọ́ sílẹ̀ bí àgbọn tí ẹ̀fúùfù gbọ̀n. Wọ́n ń fi ìka rìn bí akàn. Ọ̀kan gba ọ̀pá mi, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ọ̀kan fa irùngbọ̀n mi, òmíràn há mọ́ ìgbànú mi. Mo gé méjì dànù pẹ̀lú àdá, mo fi ẹsẹ̀ kan fò jáde, mo ṣubú, mo fà nílẹ̀ bí ejò, wọ́n sì ń bọ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n pọ̀ bí èèrà. Ìtìjú kò sí lójú mi. Ẹni tí ikú ń lé kì í béèrè bí òun ṣe ń rìn.

Bí mo ṣe dé ojú ọ̀nà, mo gbọ́ gìrì-gìrì Ọ̀nàjídé. Okùn kan wà nínú àpò mi tí mo fi ń di ẹran. Mo so orí rẹ̀ kan mọ́ gbòǹgbò, mo wé èkejì mọ́ ọwọ́, mo dùbúlẹ̀. Mo kígbe pé, "Ẹ máa bọ̀! Ẹ máà bẹ̀rù!" Nígbà tó kù díẹ̀ kó kọjá, mo fa okùn náà gan-an. Ó ṣubú lù mí bí igi ìrókò, ẹsẹ̀ idẹ náà sì ń ta ọ̀run nípàá. Ó ta mí ní ìhà, egungun kan dún níbẹ̀. Mo tẹ́ ara mi lé e, mo na ọ̀bẹ sẹ́yìn itan rẹ̀, mo gé awọ àkọ́kọ́, mo gé ìkejì. Bí ìkẹta ti já, ẹsẹ̀ náà bọ́, ó nàró fúnra rẹ̀, ó sì sáré. Ẹsẹ̀ yẹn kò fìgbà kan fẹ́ yí po. Ọ̀nàjídé ló ń tì í kó má bàa gbé òun wọ inú ọ̀gbun. Nísinsìnyí tí kò ní olùtọ́ mọ́, tààrà ló lọ, ó gba àárín àwọn ọwọ́ náà kọjá, ó fọ́n wọn ká, ó wọ inú àgbẹ̀dẹ, ó ta òpó àárín ilé. Òrùlé wó. Mo gbọ́ tí Atúnradá ń ké pé, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi! Iṣẹ́ ọwọ́ mi!" Nínú gbogbo ohun tó ń ké lé lórí, kò sí orúkọ ẹ̀dá kan.

A kò dúró. Èmi kò ní ọ̀tún, òun kò ní òsì. Mo gbé apá lé e léjìká, ó gbé apá lé mi, a sì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lọ bí ẹni kan tó mutí yó. Nígbà tí a dé ẹnu igbó, aṣọ́bodè yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí kò rí wa, ó sì fi apá igi gbé ẹ̀ka kan sókè kí a lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. A rìn títí a fi dé etí odò Ọ̀ṣìn. Ibẹ̀ ni Ọ̀nàjídé ti rí gbòǹgbò kan tó yọ sílẹ̀. Ó wò ó. Ó fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?" Mo ní, "Ẹ ká orúnkún yín." Ó ká a. Ó jókòó. Omijé ń bọ́ lójú ọkùnrin yìí, nítorí pé ó jókòó. Mo wojú odò.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò níbẹ̀. Igi apá kan ti wó sétí odò, ó gbẹ dáadáa, òun ni Ọ̀nàjídé fi àdá àti ọ̀bẹ mi gbẹ́. Mo ní, "Apá lẹ fẹ́ fi gbẹ́ ẹsẹ̀?" Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó gbà yín dúró ná, kẹ́ ẹ tó máa bá orúkọ rẹ̀ jà." Ó wúwo. Ó há. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀jẹ̀ jáde, mo jù ú sínú koríko, mo bú igi, mo bú odò, mo bú Ọ̀nàjídé. Ó lọ mú un wá, ó tún ẹnu rẹ̀ gbẹ́, ó fi òwú àti awọ ẹtu tẹ́ inú rẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ló tún un ṣe, ìgbà mọ́kànlá náà ló bi mí pé, "Níbo ló ti ń dùn yín?" Ẹbọra tó lè rọ wúrà kò bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló gbẹ́ tirẹ̀, èmi sì di ẹni tó ń bi í níbi tó ti ń dùn ún. Títí di òní, bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó máa ń dùn mí. Idán tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ẹ lọ sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀.

Ọjọ́ ìpàdé ọdẹ bọ́ sí ọjọ́ kejì tí mo délé. Mo rìn wọlé. Gbogbo ojú lọ sílẹ̀ sára igi. Akínlàjà wà lórí ìjókòó Aṣípa. Mo dúró níwájú rẹ̀, n kò fara ti nǹkan kan, mo sì yíjú sí Olúọdẹ. Mo ní, "Bàbá, lọ́jọ́ sí, ẹ kò jẹ́ kí n sọ ju àmì lọ tí ẹ fi ń wá tìmùtìmù kiri. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù. Apá òsì pàkúté náà, eyín kẹta kì í ṣe eyín. Ìṣó ńlá ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, orí ìṣó náà sì tẹ̀ sí ọ̀tún. Ta ló tún un ṣe?"

Bàbá Ògúnkéyè alágbẹ̀dẹ, tí kò wá sí ìpàdé ìjọ́sí nítorí òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi ọwọ́ lélẹ̀ dìde. Ó ní, "Èmi ni mo fi ìṣó sí i. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wàhálà yìí ṣẹlẹ̀. Akínlàjà ló gbé e wá."

Mo rò pé Akínlàjà yóò tún fọwọ́ lé àyà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo gbàgbé màrìwò. Ìgbàgbé ni, Ọdẹ́yalé, mo fi Ògún búra, ìgbàgbé ni."

Mo ní, "Ẹ̀yìn ìgbàgbé ńkọ́?"

Ohùn rẹ̀ kéré débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn dìde kí wọ́n lè gbọ́. Ó ní, "Mo gbọ́ ọ. Láti òwúrọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rìn dé ibi tí mo ti ń rí ẹ̀yìn orí rẹ, tí mo padà. Mo ní wọn ó ní èmi ni. Mo ní ẹlòmíràn á dé."

Mo ti pa ẹfọ̀n, mo ti pa ẹkùn, mo ti bọ́ lọ́wọ́ ọwọ́ tí kò ní ara. Kò sí èyí tó gbọ̀n mí tó ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ń ké pe ẹni tó bá wà nítòsí, ọ̀rẹ́ mi ló wà nítòsí. Àwọn kan fa ìbọn yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Olúọdẹ ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan igbó ọdẹ mọ́ láéláé, ó sì dá oyè mi padà fún mi lójú ẹsẹ̀. Mo gbà á, n kò sì dọ̀bálẹ̀, nítorí pé tèmi ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ọ̀nàjídé ṣì wà lọ́dọ̀ wa, ó ń gbẹ́gi lẹ́yìn ilé mi. Ẹni mẹ́tàdínlógún ló ti ń rìn lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti ìgbà náà, kò sì tíì gba ìrántí ẹnikẹ́ni.

Bí mo ṣe rí i nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ sì máa sọ ọ́, kí ẹ má fi ìyẹ́ sí i ní gìgísẹ̀. Ohun kan ló kù. Kí eruku ìpàdé náà tó rọlẹ̀, àwọn àgbà ti yí mi ká, wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́, ọ̀rẹ́ ni yín, dárí jì í. Láti ọjọ́ náà wọn kò dákẹ́. Pásítọ̀ ti wá, lèmọ́mù ti wá, ìyá Akínlàjà kúnlẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà, mo sì gbé e dìde. Akínlàjà máa ń kí mi láràárọ̀ bí mo bá ń kọjá, mo sì máa ń dá a lóhùn, nítorí pé ilé ire ni wọ́n ti kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í ṣe ohun tí àwùjọ ń bá èèyàn mú lápò. N kò tíì ṣe tán. Lọ́jọ́ tí mo bá ṣe tán, èmi fúnra mi ni n ó rìn lọ sílé rẹ̀ lọ sọ fún un. Títí di ọjọ́ náà, ẹ má bẹ̀ mí.